Orí Karùn-ún: Wíwo Èkùrọ́ Láì Pa Á

Obìnrin kan tó ń ta léèsì ní ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá gbé fóònù rẹ̀ lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì. Ó ní fóònù náà ń háńgì. Bí òun bá fẹ́ fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà, á kọ́kọ́ ronú títí bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ogún. Ọmọkùnrin náà fi ìka ra ojú fóònù, ó ṣí ojú ìwé kan, ó sì rí ilà pupa kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpin. Ó ní, "Mọ́mì, RAM yín ló kún." Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ilà náà sún kì, ó di àwọ̀ ewé. Ó tún fi áàpù kan sí i tí yóò máa nu RAM náà fúnra rẹ̀ látìgbàdégbà. Ó gbowó iṣẹ́. Kí wọ́n tó palẹ̀ ọjà mọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù ti padà sídìí àṣà rẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn kò purọ́. Ilà pupa ló rí, ilà pupa ló sọ. Àmọ́ ìbéèrè tí obìnrin náà gbé wá ni pé, "Kí ló ń dá mi dúró?" Ohun tí ilà náà sì fi fèsì ni pé, "Ibi tí ẹrù dé nìyí." Ìdáhùn yẹn péye, kì í sì í ṣe ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni orí yìí dá lé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń wá bí wọ́n ṣe máa dí i.

Ohun tó wà nínú èèpo

Nínú gbogbo fóònù Android tó wà ní Múṣin, Sùúrùlérè àti Yábàá, olówó pọ́ọ́kú ni o, olówó gọbọi ni o, ètò kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tó jẹ́ òun nìkan ló ń bá ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Linux ni wọ́n ń pè é. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland. Nígbà tí fóònù Android àkọ́kọ́ dé orí àtẹ ní 2008, òun ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀.

Kernel ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tí Òyìnbó fi ń pe èkùrọ́. Orúkọ náà bá a mu. Àwọn áàpù tí à ń tẹ̀ lójúmọ́ ni ẹran ẹyìn, òun ni èkùrọ́ tó wà láàárín. Àní, ètò tí ẹni tó jókòó níta fi ń tẹ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà, shell ni wọ́n pè é, ìyẹn èèpo.

Iṣẹ́ èkùrọ́ ni pínpín. Òun ló ń pín àkókò ọpọlọ ẹ̀rọ, kí orin má bàa dá dúró nítorí pé ìpè wọlé. Òun ló ń pín àyè RAM, ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń kó ẹrù sí, òun ló ń ṣọ́ bátìrì, òun ló ń darí fáìlì tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Kò sí áàpù tó láṣẹ láti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ohun tí áàpù bá fẹ́, títọrọ ni yóò tọrọ rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, áàpù orin lásán lè ka lẹ́tà tó wà nínú áàpù báńkì. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pín gbogbo nǹkan gan-an ni ojú ò tó. Nígbà tí ìpín kò bá wá kárí mọ́, báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tó gbà jù àti ẹni tí ebi ń pa?

Àwọn tó kọ́kọ́ fi òkúta pa á

Ilé iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá Unix sílẹ̀ ní 1969, ètò tí Linux fara wé. Unix ní àṣẹ kékeré kan tó ń jẹ́ ps, tó máa ń to àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ nínú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà rí wọn le. Fáìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní /dev/kmem. Ẹni tó bá ṣí i, gbogbo ohun tó wà níkùn èkùrọ́ ló ṣí yẹn, láti orí dé ìsàlẹ̀, láìsí àkọlé kankan lára rẹ̀. Ètò ps ní láti há a sórí pé ibi báyìí ni ìwé orúkọ àwọn iṣẹ́ wà.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó wọ ilé ìdáná onílé lóru láìtan iná, tó mọ̀ pé iyọ̀ wà lórí pẹpẹ kẹta, agolo karùn-ún láti apá òsì. Lóòótọ́, yóò bu iyọ̀, àfi lọ́jọ́ tí onílé bá tún pẹpẹ tò. Lọ́jọ́ náà, ata ni yóò dà sínú ẹ̀kọ, kò sì ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: bí wọ́n bá tún èkùrọ́ kọ tí wọn kò tún ps kọ, irọ́ ni ps yóò máa pa. Àbùkù kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣí ilé ìdáná náà ló ṣí yàrá. Ẹni tí a fún láṣẹ pé kó wá ka orúkọ iṣẹ́ lè ka ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn yìí tó tì: inú ẹ̀dà 5.13, tó jáde ní 2021, ni Linux ti yọ /dev/kmem kúrò pátápátá.

Àkàrà tí wọn kì í dín sílẹ̀

Ní 1984, Tom Killian, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Bell Labs, gbé èrò kan kalẹ̀ tó rọrùn débi pé ó yani lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó rò ó. Ó ní kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà máa hàn bí fáìlì nínú fódà kan tó ń jẹ́ /proc. Ètò Plan 9, tí wọ́n tún ṣe ní Bell Labs lẹ́yìn náà, sọ fáìlì náà di ọ̀rọ̀ tí ojú èèyàn lè kà. Linux náà tẹ̀lé ipa yẹn.

Ẹ bọ́ sí ọ́fíìsì èyíkéyìí tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ ètò ní òpópónà Herbert Macaulay, ní àdúgbò tí Co-Creation Hub ti sọ di ibùdó wọn láti nǹkan bí 2011, ẹ óò bá ẹni tí Linux wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bó bá tẹ "cat /proc/meminfo", ìtò ọ̀rọ̀ àti iye yóò jáde lórí bí RAM ṣe rí. Àmọ́ bó bá béèrè bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, kọ̀ǹpútà á ní òdo ni. Kò sí fáìlì kankan níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni èkùrọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́, bí alákàrà tí kì í dín sílẹ̀: owó yín kan ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀wà kan epo. Nítorí náà, gbígbóná ni ohun tí ẹ ó kà, ti ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kì í ṣe ti àná.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé Killian kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tuntun. Gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì. Gbogbo ètò ló mọ̀ ọ́n kà. Òfin ẹni tó lè ka fáìlì àti ẹni tí kò lè kà á ti wà nílẹ̀. Àjèjì kan wọ aṣọ ìlú, ara ìlú sì gbà á.

Àmọ́ nígbà tí àyè gbà, kálukú wá ń kó ẹrù tirẹ̀ sínú /proc, títí ó fi rí bí abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba láago méje alẹ́. Oníkálukú ń kọ ìròyìn bó ṣe wù ú: ọ̀kan á to iye mẹ́wàá sórí ilà kan, òmíràn á fi ọ̀rọ̀ bọ àárín wọn. Bí ẹnì kan bá fi àlàfo kan kún un, ètò tó ń kà á yóò ṣubú. Nígbà tí Linux 2.6 jáde ní ìparí 2003, wọ́n ṣí fódà tuntun kan, /sys, wọ́n sì fi òfin kan dè é: fáìlì kan, iye kan. Nísàlẹ̀ /sys/class/power_supply, fáìlì kan wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, bí 47. Ó tán. Ìdá mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni bátìrì kù. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ ní Sùúrùlérè tí gbogbo ilé ń yọjú wo igun òkè fóònù wọn, ọ̀dọ̀ èkùrọ́ ni iye tí wọ́n ń wò ti wá.

Kíkún kì í ṣe àìsàn

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ilà pupa. Ìsọ̀ obìnrin aláṣọ wa ní tábìlì kan níwájú. Kò jẹ́ kí tábìlì náà ṣófo láé. Gbogbo ibi tí àyè bá wà lórí rẹ̀ ló ń fi léèsì bò, kí oníbàárà tó ń kọjá lè rí i lójú ẹsẹ̀. Odindi bọ́ndù aṣọ wọ̀nyẹn wà nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn. Bí ẹni tó fẹ́ ra ọjà púpọ̀ bá dé tó nílò ibi tí yóò ti tẹ́ ẹrù, ìṣẹ́jú àáyá kan ni aláṣọ yóò fi ká àwọn tó wà lórí tábìlì kúrò. Kò pàdánù nǹkan kan.

Bí èkùrọ́ ṣe ń lo RAM nìyẹn. Àyè tí áàpù kò gbà, ó ń fi ẹ̀dà àwọn fáìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò bò ó, torí pé ẹ lè tún béèrè wọn. RAM tó ṣófo dà bí danfo tó ń sá eré láìkó èrò: epo ń jó, owó kò wọlé. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí àwọn èèyàn ń wò nínú /proc/meminfo ni MemFree, tó ń ka kìkì ibi tí aṣọ kankan kò sí lórí tábìlì. Iye náà sábà máa ń kéré, ẹ̀rù sì máa ń ba èèyàn. Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ ń ro iye mìíràn mọ́ ọn láti fi fojú díwọ̀n òtítọ́. Kálukú ló ń rò ó bó ṣe mọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣì í rò.

Ní 2014, nínú Linux 3.14, Rik van Riel fi ilà kan kún fáìlì náà: MemAvailable. Òun ló ń sọ ibi tí ẹ lè rí tẹ́ ẹrù tuntun bí ẹ bá fẹ́ ẹ nísinsìnyí, láìni ẹnikẹ́ni lára. Wọn kò fi gíráàmù kan kún RAM ẹnikẹ́ni. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó mọ inú ilé ló wá ń ṣe ìṣirò náà, kì í ṣe àlejò tó ń wò láti ojú fèrèsé.

Ọmọkùnrin wa ńkọ́? Nígbà tó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ńṣe ló pa àwọn áàpù tó jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí obìnrin náà padà sínú WhatsApp, fóònù ní láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ó sì jẹ bátìrì sí i.

Ṣọ́ọ̀bù bábà

Iye mìíràn wà tí àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ńlá ńlá fẹ́ràn láti máa wò: iye àwọn iṣẹ́ tó wà lórí ìlà. Fáìlì /proc/loadavg ló gbé e, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín sí: ti ìṣẹ́jú kan, ti márùn-ún, ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ti ìṣẹ́jú kan bá ga ju ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọlé ni. Bó bá kéré sí i, wọ́n ti ń túká.

Ẹ ronú nípa ṣọ́ọ̀bù bábà tó ní àga mẹ́rin. Ẹ ka àwọn tó wà lórí àga, ẹ ka àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, gbogbo bábà níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń dúró. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rin ń dúró. Ọpọlọ ẹ̀rọ ni àga. Nítorí náà, 4 kò túmọ̀ sí nǹkan kan àfi tí ẹ bá mọ iye àga tó wà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí iná lọ lójijì. Ọkùnrin mẹ́rin jókòó, apá kan orí wọn ti gé, apá kan kò tíì gé. Wọn kò lè dìde lọ. Bábà káwọ́ lẹ́yìn. Ṣé kí á kà wọ́n mọ́ ìlà àbí kí á má kà wọ́n? Ní 1993, Matthias Urlichs dábàá pé kí Linux máa kà wọ́n: iṣẹ́ tó ń dúró de fáìlì láti ibi ìpamọ́ náà ń jìyà ìdádúró. Wọ́n gbà á wọlé. Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà náà ti lè ga bí òkè nígbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ ń sùn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò lọ ra àga sí i, nígbà tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló yẹ kó rà.

Ó di ìparí 2018, nínú Linux 4.20, kí wọ́n tó ya àwọn ìdádúró náà sọ́tọ̀. Johannes Weiner, tó ń ṣiṣẹ́ ní Facebook nígbà náà, ló kọ ọ́. Nígbà tó jáde, fódà /proc/pressure ní fáìlì mẹ́ta: ti ọpọlọ, ti RAM, ti ibi ìpamọ́. Kò sí èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe kún tó nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó kọjá, tàbí ọgọ́ta, tàbí ọ̀ọ́dúnrún, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà ni iṣẹ́ kan, ó kéré tán, fi dúró láìrí ohun tó ń fẹ́. Wọ́n tún ń sọ ìgbà tí gbogbo wọn dúró pọ̀, tí kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń lọ.

Ẹ rántí ìbéèrè obìnrin aláṣọ: kí ló ń dá mi dúró? Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí èkùrọ́ fi èdè rẹ̀ dá a lóhùn. Láti Android 10, ní 2019, ètò tó ń yan áàpù tí fóònù yóò pa nígbà tí nǹkan bá le ti lè máa wo ìwọ̀n ìdádúró yìí, dípò kó máa wo bí tábìlì ṣe kún sí.

Ìró odó ní ilé kejì

Fèrèsé tí a fi ń wo ìta ni aládùúgbò fi ń wo inú. Ẹni tó bá ti gbé ilé féèsì-mí-àì-féèsì-yú ní Múṣin kò nílò àlàyé. Ẹ kò wọ yàrá aládùúgbò yín, ṣùgbọ́n ìró odó sọ fún yín pé iyán ni wọ́n fẹ́ jẹ. Òórùn ẹja sọ ọbẹ̀. Bí odó bá dákẹ́ ní ìparí oṣù tí owó kò wọlé, ẹ mọ ìyẹn náà.

Ní 2009, Kehuan Zhang àti XiaoFeng Wang fi hàn pé àwọn nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè kà nínú /proc tó láti fi mọ àkókò tí ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Láti ibẹ̀, wọ́n lè máa méfò ohun tó ń tẹ̀. Ní 2015, àwọn olùwádìí láti Stanford fi hàn pé bí fóònù ṣe ń jẹ iná bátìrì lè tú ọ̀nà tí olówó rẹ̀ gbà fó, láìbéèrè àṣẹ láti mọ ibi tó wà. Agbára tí fóònù ń lò ń yí padà bó ṣe ń jìnnà sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí bí ilé ṣe ń dí i. Kò sí ẹni tó jí ọ̀rọ̀ kankan nínú èyí. Ìró odó ni wọ́n gbọ́.

Nítorí èyí, láti Android 7, ní 2016, áàpù kan kò rí fódà áàpù mìíràn nínú /proc mọ́. Tirẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹni tó ń la fèrèsé ní láti máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì nígbà kan náà: ta ló yẹ kó rí i, àti kí ni ẹni tí kò yẹ kó rí i lè fi ohun kékeré tó rí méfò?

Ìdí-Àràbà

Fèrèsé tí a bá ti là kì í rọrùn láti dí. Nínú /proc/cpuinfo, ilà kan wà tó ń jẹ́ BogoMIPS. Torvalds ló hùmọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayédèrú ìwọ̀n eré ọpọlọ ẹ̀rọ ni òun. Ní 2013, àwọn tó ń bójú tó irú ọpọlọ ẹ̀rọ tó wà nínú fóònù wa yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, torí pé kò wúlò. Ní 2015, wọ́n dá a padà. Àwọn ètò kan ti ń kà á, wọ́n sì dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọn kò rí i. Òfin Torvalds sì le lórí èyí: àtúnṣe tó bá ba iṣẹ́ ẹni tó wà níta jẹ́ kì í ṣe àtúnṣe.

Kọ́ńdọ́tọ̀ ń pe Ìdí-Àràbà lójoojúmọ́. Ta ló ń wá igi àràbà kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọsibítù? Ibi tí ẹsẹ̀ ti mọ́ èèyàn lára ni wọ́n ń pè, kì í ṣe igi. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fún nọ́ńbà kan lórúkọ fi gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. Kí ó tó pé ogún ọdún, orúkọ náà lè ti di bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù.

Ìgbà méje

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin aláṣọ gbé fóònù rẹ̀ padà dé. Ọ̀gá ọmọkùnrin náà ló bá lórí ìjókòó. Ọ̀gá gba fóònù, ó lọ sí ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà ètò rẹ̀ sí, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje léraléra, bí ẹni ń pe ọfọ̀. Ilẹ̀kùn kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣí. Àwọn tó ṣe Android ló fi pamọ́ bẹ́ẹ̀: fèrèsé kan fún onífóònù, òmíràn fún ẹni tó mọ ohun tó ń wá.

Ọ̀gá kò wo ilà pupa. Ó wo ìtò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń wá ẹni tí kì í sinmi. Orúkọ kan wà níbẹ̀ tó ń jí ní gbogbo ìgbà, tó ń pa àwọn yòókù. Bó bá ti pa wọ́n, wọ́n á tún dìde, á sì tún pa wọ́n.

"Mọ́mì, kí ni ẹ ń fi èyí ṣe?"

"Àwọn ọmọ yín ni wọ́n fi sí i lánàá," ni obìnrin náà wí. "Wọ́n ní á máa bá mi nu RAM."

Ọ̀gá yíjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti rí nǹkan tó ń wá nílẹ̀.